Ẹyẹ Tí Misturat Fún Ní Oòrùn

Ní ìlú Òtu, kò sí ẹni tó burẹ́wà ní ṣọ́ọ̀bù Misturat. Ẹ lè wọlé pẹ̀lú àpá lójú, pẹ̀lú eyín tó ti yọ, pẹ̀lú oorun àná tí kò tíì dá lójú yín. Bí ẹ bá padà wá gba fọ́tò yín, ẹni tó dáa jù yín lọ ló máa wà nínú àpò ìwé náà. Àwọ̀ rẹ̀ á máa dán. Ọrùn rẹ̀ ò ní ní ìlà kankan. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ògiri ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí wà tẹ́lẹ̀, ẹ máa rí òdòdó, tàbí ọkọ̀ òfúrufú.

Nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan kú ní Irawo, Misturat ló ṣe fọ́tò tí wọ́n gbé síwájú ilé. Àwọn tó wá kí ẹbí wo fọ́tò náà, wọ́n bú sẹ́kún lákọ̀tun. Wọ́n rò pé ọmọkùnrin bàbá náà ló tún tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọmọ ọ̀hún jáde láti inú yàrá láti wá dúpẹ́, obìnrin kan fi gèlè sílẹ̀, ó sá.

Misturat gbọ́ ìtàn yìí, kò rẹ́rìn-ín. “Ta ló ń sanwó fún ojú tó ti ní nílé tẹ́lẹ̀?” ló bi ẹni tó sọ ọ́ fún un.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò tíì jókòó rí sórí àga tó wà láàárín ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá tó bí i ni.

Bàbá Ràsáàkì ti ń ya fọ́tò káàkiri Òkè-Ògùn kí wọ́n tó bí Misturat. Láyé tirẹ̀, dúdú àti funfun ni. Á gbé kámẹ́rà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á gun kẹ̀kẹ́ láti Òtu dé Ìsẹ́yìn, á sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yà pé kó má rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín kì í ṣe ojú ènìyàn, àlejò ni. Ẹni tó bá ní àpá, tòun tàpá rẹ̀ ló ń bá fọ́tò lọ sílé. Ẹni tó bá dijú, ó ti dì í nìyẹn. Ó kórìíra oòrùn ju òjò lọ.

“Agbéraga ni oòrùn ọ̀sán,” ó máa ń wí. “Kì í jẹ́ kí nǹkan mìíràn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú ni kí ẹ gbé kámẹ́rà.”

Ní báyìí, ojú ọ̀run ti ṣú sójú òun fúnra rẹ̀. Dókítà tó wò ó ní Ṣakí sọ pé ojú òsì ti lọ, pé ojú ọ̀tún náà ń palẹ̀ mọ́. Bí Bàbá bá fẹ́ mu tíì, ọwọ́ ló fi ń wá ife. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé fọ́tò fún un, á gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú, á sì dájọ́. Ẹjọ́ tó dá fún iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ò yí padà rí.

Ohun tó ń kọ ẹbí lóminú ni pé Bàbá ò ní fọ́tò. Èyí tó kẹ́yìn nínú ilé, ìgbà tí ẹnu ṣòkòtò ń gbálẹ̀ ni wọ́n yà á. Irun orí rẹ̀ ga ju fìlà lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n Misturat ń pè é lórí fóònù láti Èkó àti Ìlọrin. Wọ́n ní ṣé ayàwòrán ló ń pe ara rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ ò ní fọ́tò?

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n yà yín.”

“Kí o yà mí, àbí kí o kùn mí?”

“Bàbá!”

“Mo ti gbọ́ ohun tí o fi ojú ará Irawo ṣe. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wá mi kiri níbi òkú ara mi.”

“Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè fọ́tò tí a máa gbé síta lọ́jọ́ tó bá…”

“Ẹ gbé bàtà mi síta. Gbogbo Òtu ló mọ̀ ọ́n.”

Misturat dìde láti lọ. Bàbá na ọwọ́ sí i.

“Gbọ́. Ya fọ́tò kan, ẹyọ kan péré, tí o ò fọwọ́ kàn lẹ́yìn tí kámẹ́rà ti panu dé. Gbé e wá fún mi. Bí mo bá rí i tó dáa, màá jókòó.” Ó fọwọ́ kan ojú ọ̀tún rẹ̀. “Ṣùgbọ́n yára.”

Ó yára, kò sì rí i ṣe. Kò sí ẹni tó fẹ́ ojú ara rẹ̀ ní Òtu. Ó ya olùkọ́ kan, ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Olùkọ́ náà ní ẹni yẹn kì í ṣe òun, pé kí Misturat wá fọ́tò òun jáde kíákíá. Ó ya ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́, ìyá náà wo fọ́tò títí, ó ní, “Ìyá ìyá mi rèé. Níbo lẹ ti rí i?”

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá wọlé.

Pírínsípà ni Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun fi kámẹ́rà kan ránṣẹ́ sí i, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ gùn bí ọmọ odó. Ẹni tó ti pàṣẹ fún odidi ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún ò lè dá wo ẹyẹ, nítorí náà ó dá Ẹgbẹ́ Olùwo Ẹyẹ ti Òtu sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì Faith ni akápò. Àràárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń pàdé létí dáàmù tó wà lẹ́yìn ìlú. Wọ́n ní dáàmù náà yóò fún ìlú lómi. Títí di òní, ẹyẹ ló ń mu ún.

Àdúrà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, orin. Lẹ́yìn orin, wọ́n á ka ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé tó kọjá, wọ́n á sì jiyàn pé àwọn ò sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé awò awọ̀nàjínjìn sójú, ẹyẹ tó bá ṣẹ́ kù lórí omi náà, adití ni.

Gbogbo ẹyẹ tí Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá yà ló ń lọ. Kò sí ẹni tó ní fọ́tò ìrù ẹyẹ tó tirẹ̀ ní gbogbo Òkè-Ògùn.

“Ìyá Àwáwù,” ó wí fún Misturat, “gbogbo ẹgbẹ́ olùwo ẹyẹ máa pàtẹ àwòrán ní Ìbàdàn. Mi ò lè gbé ìrù lọ.”

“Ọ̀gá, ènìyàn ni mò ń yà.”

“Ẹyẹ rọrùn ju ènìyàn lọ. Ṣé ẹyẹ máa padà wá bá yín jà pé imú òun tóbi?”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Misturat létí ju bí Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá ṣe rò lọ. Ó gbà.

Sátidé tí wọ́n jọ lọ, ojú ọ̀run ti wálẹ̀. Oṣù kẹjọ ni. Omi àti òfúrufú jẹ́ àwọ̀ eérú kan náà, kò sí ìlà tó yà wọ́n. Àwọn òkè ti sọnù. Òjò ò rọ̀, kò sì lọ sílé.

Ẹgbẹ́ jókòó sábẹ́ kánópì, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti sàdíìnì. Nọ́ọ̀sì Faith ṣíjú wo òkè, ó mi orí.

“Kò sí ìmọ́lẹ̀ lónìí. Ẹyẹ kì í jáde nínú irú èyí.”

Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀wọ́ lékeléke kan ń kọjá lọ lórí omi.

Misturat fi wọ́n sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sétí omi. Samsudeen apẹja wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó ń di ojú àwọ̀n tó ya.

“Ìyá Àwáwù, ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ ti kí Adúródẹja?”

“Ta ni yẹn?”

Samsudeen fi ẹnu júwe rẹ̀. Ẹyẹ eléérú kan dúró nínú omi tí kò jìn, níbi tí igi gbígbẹ kan ti yọrí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ọrùn rẹ̀ wọ̀ sáàárín èjìká méjèèjì.

“Láti àárọ̀ ló ti ń dúró de ẹja. Èmi náà ń dúró. Nínú àwa méjèèjì, òun nìkan ló ń rí jẹ.”

Misturat gbé kámẹ́rà. Ẹnu rẹ̀ sọ ohun tó máa ń sọ: “Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀.”

Samsudeen fi àwọ̀n bo ẹ̀rín. “Ìyá Àwáwù, ẹ ò sọ fún un kó tún gèlè ṣe?”

Ẹyẹ náà ò gbé nǹkan kan sókè. Ìyẹ́ kan ti ṣẹ́ ní apá ọ̀tún rẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́, ó gbé irun ẹ̀yìn orí rẹ̀ díẹ̀, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Omi tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ò mì. Kò wo Misturat. Kò béèrè bí òun ṣe rí.

Misturat tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ó mọ̀. *Èyí, mi ò ní fọwọ́ kàn án,* ó wí nínú ara rẹ̀. *Bàbá ló ni ín.*

Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó tẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà.

“Kí ló ṣe ẹyẹ yìí tó dà bí ẹni tí onílé lé jáde?”

“Ojú ọjọ́ ni, Ọ̀gá.”

“Ẹ bá mi mú ojú ọjọ́ yẹn kúrò.”

“Mi ò fẹ́ fọwọ́ kan èyí.”

“Ìyá Àwáwù! Kò sí ẹni tí ẹ ò ṣe lóore nílùú yìí. Ẹyẹ nìkan lẹ fẹ́ dójú tì? Ìbàdàn là ń lọ o!”

Misturat ní ó dáa, òun á ṣe ẹ̀dà kan lọ́tọ̀ fún un, òun á kàn mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ pe díẹ̀. Ọwọ́ tí iṣẹ́ bá ti mọ́ lára kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ó so ìyẹ́ tó ṣẹ́. Ó tẹ́ ìlà ọrùn. Eérú di ẹfun, ẹfun di wàrà. Ojú ọ̀run di búlúù, oòrùn yọ lápá òsì, omi ń tàn. Kó tó parí, ó kán ìmọ́lẹ̀ kékeré sójú ẹyẹ náà, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ìyàwó.

Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá mí kanlẹ̀. “Ẹ wá rí nǹkan!”

Nígbà tó lọ, fọ́tò méjèèjì wà níwájú Misturat lórí kọ̀ǹpútà. Nínú eléérú yẹn, ẹyẹ, omi àti òfúrufú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Báwo ni Bàbá ṣe máa rí i pẹ̀lú ojú kan tó ń kú lọ? Funfun yóò rọrùn fún un. Ojú Bàbá ti ṣú. Ta ni yóò mọ̀? Ó tẹ funfun jáde lórí ìwé, ó gbé e lọ sílé.

Bàbá gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún. Ó pẹ́.

“Ó ń dán,” ó ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ìyàwó ta nìyí?”

“Ẹyẹ ni, Bàbá.”

“Ẹyẹ.” Bàbá dá fọ́tò padà fún un. “Ta ló fẹ́ ẹ?”

Misturat gba fọ́tò náà, ó jáde.

Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá ní tirẹ̀ ń yọ̀. Ó ṣí ìwé ẹyẹ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò rí ẹyẹ tó ga tó bẹ́ẹ̀, tó funfun tó bẹ́ẹ̀, tí ìdúró rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Dípò kó rántí Misturat, orúkọ ara rẹ̀ ló rántí. Ó gbé fọ́tò náà sórí Wasáàpù, ó pè é ní Lékeléke Akíntọ́lá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ẹgbẹ́ ló ti rí ẹyẹ náà rí. Nọ́ọ̀sì Faith ti rí i lẹ́ẹ̀mejì. Olúsọjí, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ní ìyá àgbà òun ló kọ́kọ́ fi hàn òun nígbà tí òun wà ní kékeré. Wọ́n ṣe bánà ńlá, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, ojú ẹyẹ náà ń tàn bí ojú ìyàwó tuntun. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń kọjá ń ju ìka sí i, wọ́n ń bẹ ẹ́ kó fún àwọn ní èékánná funfun.

Bánà náà ló mú Dókítà Níkẹ́ wá láti Ìbàdàn. Yunifásítì ló ti ń kọ́ni nípa ẹyẹ. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, bàtà òjò ló wọ̀. Sátidé ni, ojú ọ̀run sì tún ti wálẹ̀. Ẹgbẹ́ gbàdúrà gígùn fún un, wọ́n kọrin méjì, wọ́n mú un lọ sétí omi. Adúródẹja dúró ní ààyè rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi gbígbẹ.

“Níbo ni ẹyẹ funfun yẹn máa ń bà sí?” Dókítà Níkẹ́ béèrè.

“Ibẹ̀ yẹn gan-an,” ni Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá wí.

“Níbi tí eléyìí dúró sí?”

“Ẹ má wo ìyẹn. Ó kàn gba ààyè ẹlòmíràn ni.”

“Ẹyẹ funfun náà máa ń tijú àlejò, Dókítà,” ni Nọ́ọ̀sì Faith wí.

“Ẹ ti rí i?”

“Lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń wẹ̀.”

Olúsọjí ò fẹ́ kẹ́yìn. “Ó lè jẹ́ pé ó lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Adó-Àwáyè. Adágún wà lórí òkè níbẹ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ dáa fún irú wọn.”

“Bó bá dé,” ni Samsudeen wí láti inú ọkọ̀ rẹ̀, “ẹ bá mi kí i o. Èmi ò mọ̀ ọ́n.”

“Dákẹ́ ńbẹ̀!” ni Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá jágbe, pẹ̀lú ohùn pírínsípà.

Dókítà Níkẹ́ wo fọ́tò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹyẹ tó wà nínú omi. Ó tún wo fọ́tò. Ó dúró bí ẹyẹ náà ṣe dúró.

Misturat wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó mọ̀ pé bí òun bá lanu, ṣọ́ọ̀bù òun ti parí: ta ló máa tún jókòó sórí àga ẹni tó purọ́ mọ́ ẹyẹ? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá ń dún létí rẹ̀. *Ta ló fẹ́ ẹ?* Ó sì rí i pé ìyẹ́ tó ṣẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀ lápá ọ̀tún, bí ó ṣe wà.

“Dókítà,” ó ní, “ẹyẹ tó wà níbẹ̀ yẹn náà ni. Èmi ni mo fún un ní oòrùn.”

Gbogbo ẹgbẹ́ yíjú sí i.

“Ìyá Àwáwù,” ni Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá wí, “ẹ má ba ara yín jẹ́ lójú àlejò. Mo rí ẹyẹ náà. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i.”

“Níbo lẹ ti rí i, Ọ̀gá?”

“Nínú fọ́tò yín!”

Samsudeen dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Dókítà Níkẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

“Èyí tí ẹ ò fọwọ́ kàn ńkọ́?” ó bi Misturat.

Ó ṣì wà nínú kámẹ́rà. Misturat gbé e fún un. Dókítà fi ọwọ́ bo ojú kámẹ́rà kí ìmọ́lẹ̀ má ba à dí i lọ́wọ́, ó wò ó, ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

“Ẹyẹ tó wà níbi gbogbo ni,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i báyìí rí.”

Ọ̀gbẹ́ni Akíntọ́lá na ọrùn. “Ó ṣú jù,” ó ní.

Bánà náà ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Olúsọjí sọ pé ó ti di aṣọ ìjọba, ẹnikẹ́ni ò lè tú u láìsí ìpàdé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdé, Misturat ṣí ṣọ́ọ̀bù láti wá wo bó ṣe máa ṣófo. Èrò ti tò dé ẹnu títì. Obìnrin kan ti wá láti Ìsẹ́yìn, ó mú ọmọ rẹ̀ dání.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ẹyẹ eléérú di funfun?”

Misturat rẹ orí sílẹ̀. “Èmi ni, mà.”

“Alhamdulilahi! Ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó.”

“Ẹyẹ igbó ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún,” ni ẹnìkan wí lẹ́yìn rẹ̀. “Àwa tí a jẹ́ ènìyàn ńkọ́?”

Ó ṣe gbogbo wọn títí di ìgbà tí wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ó tilẹ̀kùn, ó tẹ eléérú jáde, ó gbé e lọ sílé bí ó ṣe wà. Bàbá Ràsáàkì jókòó síta níwájú ilé. Òjò ń ṣú bọ̀ lápá Ìsẹ́yìn.

Bàbá gba fọ́tò náà. Ó gbé e sún mọ́ ojú títí ó fi kan imú. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Misturat fi rò pé ojú náà ti lọ, pé òun ti pẹ́ jù.

“Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà,” ni Bàbá wí.

“Kò rọ̀.”

“Ó fẹ́ rọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ìyẹ́ rẹ̀ kan ti ṣẹ́.” Ó yí fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Ebi ń pa á. Kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.”

Misturat na ọwọ́ láti gbà á padà. Bàbá ti fi í sábẹ́ itan.

“Gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà yẹn,” ó ní. “Kí òjò tó dé.”

Ó sáré gbé e. Ó sáré mú kámẹ́rà. Bàbá jókòó, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó pa ẹnu dé, ó tẹjú mọ́ ibi tó rò pé kámẹ́rà wà. Misturat ò sọ pé kó gbé àgbọ̀n sókè. Ó gbé ìka lé e.

“Dúró ná,” ni Bàbá wí.

“Bàbá?”

Bàbá yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, bí ẹni tó ń wò ó bóyá aládùúgbò ń gbọ́. Ó fi ìka kan abẹ́ ojú rẹ̀.

“Àpò abẹ́ ojú yìí. Kọ̀ǹpútà rẹ yẹn, ṣé kò lè bá mi dín in kù díẹ̀?”

Ó sọ ọ́ tán, ẹ̀rín sì fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bàbá,” ni Misturat wí, ó sì tẹ kámẹ́rà.